Kásẹ́ẹ̀tì dadakúàdá àtijọ́ àti ẹnu àwọn tó fojú rí Odòlayé: báwo la ṣe fẹ́ kó wọn jọ kí wọ́n tó bàjẹ́?

Ọmọ Ọjà-Ọba:
Sàlámù àlékúùmù, ẹ̀yin ará ilé. Iṣẹ́ kan délẹ̀. Kásẹ́ẹ̀tì 14 àti àwo 3 ló jáde nínú àpótí kan ní Pàkátà nílùú Ìlọrin, dadakúàdá, orin ìbílẹ̀ ibẹ̀, ni gbogbo rẹ̀. Orúkọ olórin Odòlayé Àrẹ̀mú wà lára kásẹ́ẹ̀tì mẹ́jọ, ti Jáígbadé Àlàó wà lára méjì, mẹ́rin yòókù kò ní ju "ìnáwó" tí wọ́n fi báírò kọ sí i lára. Ẹni tó ni àpótí náà àti ọ̀rẹ́ rẹ̀ méjì ṣì wà láyé, wọ́n ti lé ní ọgọ́rin ọdún, wọ́n sì máa ń tẹ̀lé Odòlayé lọ sóde nígbà tó ń kọrin. A fẹ́ da kásẹ́ẹ̀tì sórí kọ̀ǹpútà, ká sì gba ọ̀rọ̀ sílẹ̀ lẹ́nu àwọn bàbá náà. Èwo ló yẹ kó ṣáájú? Rédíò oníkásẹ́ẹ̀tì kan wà nílẹ̀ tó ṣì ń ṣiṣẹ́. Ṣé ká kàn gbé fóònù síwájú rẹ̀ ni?

Ẹ̀rọ Òkè-Ọyì:
Ẹ má gbé fóònù síwájú rédíò o. Ìró fáànù, ọ̀kadà tó ń kọjá lọ àti ìró tó ń ta padà lára ògiri yàrá lẹ máa gbà mọ́ ọn, kò sì sí bí ẹ ṣe fẹ́ yọ wọ́n mọ́.

Kí kásẹ́ẹ̀tì kankan tó wọnú ẹ̀rọ, ẹ ya etí kékeré méjì tó wà lẹ́yìn rẹ̀ kúrò, kí ẹnì kan má baà ṣèèṣì tẹ bọ́tìnnì tó ń gba ohùn, kó sì pa olórin rẹ́. Lẹ́yìn náà, ẹ wo ojú ibi tí téèpù ti ń yọ. Tìmùtìmù pẹlẹbẹ kan wà níbẹ̀ tí kò ju ọmọ èékánná lọ, orí bàbà tẹ́ẹ́rẹ́ ni wọ́n lẹ̀ ẹ́ mọ́. Òun ló ń ti téèpù mọ́ orí ẹ̀rọ, irin dídán tó ń ka ohùn. Gọ́ọ̀mù ìdí rẹ̀ máa ń gbẹ nínú ooru wa yìí, á já bọ́, orin á wá dà bí ẹni tí wọ́n fi aṣọ dí lẹ́nu. Àwọn èèyàn á ní téèpù ti kú. Téèpù ò kú, tìmùtìmù ló já. Ẹ yọ òmíràn lára kásẹ́ẹ̀tì tí kò wúlò mọ́. Bó bá jẹ́ síkúrù márùn-ún ni wọ́n fi de ilé kásẹ́ẹ̀tì náà, ẹ tú u, ẹ gbé téèpù náà sínú ilé mìíràn tó dára. Èyí tí wọ́n lẹ̀ pa, ọ̀bẹ tín-ín-rín lẹ máa fi là á láti etí, jẹ́jẹ́.

Bí ẹ bá rí nǹkan funfun bí ẹ̀lùbọ́ lára téèpù, ó ti bu nìyẹn, bí búrẹ́dì ṣe ń bu. Ẹ má gbọ́ ọ bẹ́ẹ̀, nítorí yóò lẹ̀ mọ́ orí ẹ̀rọ, á sì ran gbogbo kásẹ́ẹ̀tì tó bá wọlé tẹ̀lé e. Ìta gbangba lẹ ti máa nù ún, pẹ̀lú aṣọ rírọ̀ gbígbẹ, kí ẹ sì fi nǹkan bo imú.

Èyí tó mọ́ náà, ẹ yí i síwájú dé òpin, ẹ yí i padà dé ìbẹ̀rẹ̀, kí ẹ tó tẹ̀ ẹ́ láti gbọ́. Téèpù tó ti jókòó lójú kan láti ogún ọdún máa ń lẹ̀ mọ́ra, ibẹ̀ ló sì ti máa ń já tàbí kó fà.

Ọmọ Ìyẹ̀rú Òkín:
Ẹ̀gbọ́n Ẹ̀rọ, ẹ kú làálàá. Ẹ ò tíì sọ nípa ọ̀nà tí ohùn máa gbà dé inú kọ̀ǹpútà. Ihò gbohùngbohùn (MIC) ara láptọ́ọ̀pù ni ọ̀pọ̀ ń ki wáyà bọ̀.

Ẹ̀rọ Òkè-Ọyì:
Ibẹ̀ gan-an ni wọ́n ti ń ba nǹkan jẹ́. Gbohùngbohùn tí ohùn rẹ̀ kéré ni wọ́n ṣe ihò yẹn fún. Bí ohùn rédíò bá wọ ibẹ̀, á lágbára jù, á máa fọ́, etí kan ṣoṣo, òsì tàbí ọ̀tún, ló sì sábà máa ń gbà. Ẹ ra ẹ̀rọ kékeré tó ń gba ohùn wọlé láti ojú USB, èyí tó ní LINE IN. Bí rédíò bá ní LINE OUT, ibẹ̀ ni kí wáyà ti jáde. Bí kò bá ní, ẹ lo ihò tí wọ́n ń ki gbóhùn-sétí bọ̀, kí ẹ sì fi bọ́tìnnì ohùn sí ìdajì.

Ẹ fi sípíríìtì isopropyl tí kò dín ní 90% nu orí ẹ̀rọ, ọ̀pá irin tẹ́ẹ́rẹ́ tó ń fa téèpù àti rọ́bà rìbìtì tó ń tì í. Owú etí ni kí ẹ fi nù ún títí owú ò fi ní dúdú mọ́, lẹ́yìn kásẹ́ẹ̀tì mẹ́ta mẹ́ta.

Audacity, ètò kọ̀ǹpútà tó ń gba ohùn sílẹ̀, tó fún iṣẹ́ náà, ọ̀fẹ́ sì ni. Ẹ fi sí 24-bit àti 48 kHz. Ẹgbẹ́ àwọn olùtọ́jú ohùn lágbàáyé, IASA, ní 48 kHz ni kò gbọdọ̀ dín, wọ́n sì fẹ́ràn 96 kHz. Ní 48 kHz, ìṣẹ́jú kan ń gba bíi MB 17, kásẹ́ẹ̀tì C60 (ọgọ́ta ìṣẹ́jú) kan ń gba bíi GB 1. Ẹ jẹ́ kí ibi tí ohùn ti ga jù dúró ní nǹkan bíi -6 dB. Bí akéwì bá déédéé gbé ohùn sókè tí àmì sì kan 0, ohun tó bọ́ níbẹ̀ kò ní padà.

Ẹ yọ ṣájà láptọ́ọ̀pù, ẹ lo bátìrì rẹ̀. Ìró "hùn-ùn" tó ń tẹ̀lé orin, ọ̀nà iná ló ń gbà wọlé.

Ọmọ Ọjà-Ọba:
Ẹ ṣé gan-an. A dán ọ̀kan wò: ohùn náà ń jáde, ṣùgbọ́n ó dúdú, "s" àti "ṣ" ò yàtọ̀ síra. Nínú kásẹ́ẹ̀tì kan, ohùn Odòlayé tún nípọn ju bí àwọn bàbá ṣe mọ̀ ọ́n lọ. Wọ́n ní òun kọ́.

Ẹ̀rọ Òkè-Ọyì:
Ọ̀tọ̀ ni ìṣòro kọ̀ọ̀kan, ẹ má pa wọ́n pọ̀.

Ohùn dúdú: orí ẹ̀rọ yín ò dúró déédéé pẹ̀lú bí orí ẹ̀rọ tó kọ́kọ́ gba orin náà ṣe dúró. Síkúrù méjì ló wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ orí náà, ọ̀kan ní sípíríǹgì lábẹ́. Èyí tó ní sípíríǹgì ni kí ẹ fọwọ́ kàn. Ẹ da ohùn etí òsì àti ti ọ̀tún pọ̀ di ẹyọ kan (mono), kí téèpù máa lọ, ẹ wá fi tọnafísì kékeré yí i díẹ̀díẹ̀, kò gbọdọ̀ ju ìdámẹ́rin ìyípo kan lọ. Ibi tí "s" bá ti gé ṣáṣá tí ṣaworo etí ìyáàlù sì dún ketekete, ibẹ̀ lẹ dúró. Kásẹ́ẹ̀tì tó tẹ̀ lé e lè fẹ́ ibòmíràn, nítorí ẹ̀rọ tó gbà á kì í ṣe ọ̀kan náà. Bẹ́ẹ̀ ni, gbogbo mẹ́rìnlá lẹ máa ṣe é fún.

Ohùn nípọn: eré téèpù ni. Sẹ̀ntímítà 4.76 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan ni kásẹ́ẹ̀tì ń lọ. Bí bẹ́líìtì rédíò bá ti fà, yóò lọ́ra, ohùn á sì nípọn. Ẹ fi orin tí ẹ mọ gígùn rẹ̀ dán ẹ̀rọ wò: bí orin ìṣẹ́jú mẹ́rin bá gba ìṣẹ́jú mẹ́rin àti ìṣẹ́jú-àáyá 12, ẹ̀rọ yín ló fi bíi ìdá márùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún lọ́ra. Ẹ pààrọ̀ bẹ́líìtì kí ẹ tó bá ẹnikẹ́ni jiyàn pé òun ni tàbí òun kọ́.

Òdì-kejì rẹ̀ náà wà o. Bó bá jẹ́ pé bátìrì ẹni tó gba orin náà ló ti ń kú nígbà tó ń gbà á, ẹ̀rọ rẹ̀ lọ́ra nígbà náà. Bí ẹ bá wá gbọ́ ọ lórí ẹ̀rọ tó dára, olórin á máa sáré, ohùn rẹ̀ á tín-ín-rín bí ti ọmọdé, ìparí kásẹ́ẹ̀tì á sì burú ju ìbẹ̀rẹ̀ lọ.

Àtẹ́tísílẹ̀:
Ọgbọ́n kan wà fún èyí. Bí iná ìjọba bá wọ inú orin náà nígbà tí wọ́n ń gbà á, ìró 50 Hz á wà lábẹ́ rẹ̀. Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò nínú Audacity. Bó bá hàn ní 47, ẹ fi 6.4% yá a sí i.

Ẹ̀rọ Òkè-Ọyì:
Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n ẹ kọ́kọ́ dá téèpù dúró. Bí ìró náà kò bá lọ, láti ara wáyà yín ló ti wá, kò kan téèpù. Ohun kejì ni pé jẹnẹrétọ̀ ló ń tan iná lọ́pọ̀ òde ìnáwó, jẹnẹrétọ̀ kì í sì í dúró sí 50 gẹ́lẹ́. Kásẹ́ẹ̀tì tí wọ́n kọ "ìnáwó" sí lára, ẹ má fi ọgbọ́n yìí dá a lẹ́jọ́. Ẹ lo etí àwọn bàbá.

Àtẹ́tísílẹ̀:
Mo gbà. Ká sì fi ìmọ̀ ẹ̀rọ tó ń nu ariwo kúrò nu gbogbo rẹ̀ mọ́ lẹ́yìn náà.

Ẹlégbè:
Rárá o, ẹ jọ̀ọ́! Ẹ̀rọ yẹn kò mọ ìyàtọ̀ láàárín "ṣììì" ara téèpù àti ṣaworo. Yóò jẹ ṣaworo, yóò jẹ èémí olórin, yóò sì jẹ ohùn àwọn ẹlégbè nígbà tí wọ́n bá ń rọra gbè lẹ́yìn. Nínú dadakúàdá, ìlù ń sọ̀rọ̀, olórin ń dá a lóhùn. Bí ẹ bá nu ìlù, ìdajì ọ̀rọ̀ ti lọ. Ẹ tọ́jú fáìlì ohùn (WAV) àkọ́kọ́ bó ṣe wà, ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kàn án. Àdàkọ rẹ̀ ni kí ẹ nù bó bá wù yín.

Ẹ jẹ́ ká wá dé ọ̀dọ̀ àwọn bàbá, nítorí ibẹ̀ gan-an ni ìṣúra wà, ibẹ̀ náà ni kò sì ní pẹ́ tán. Ẹ̀yin ń bi wá pé èwo ló yẹ kó ṣáájú. Àwọn bàbá ni. Kásẹ́ẹ̀tì lè dúró de oṣù mẹ́ta sí i nínú ilé tó tutù. Ẹ sì má ṣe gbé orin fún wọn gbọ́ kí wọ́n tó sọ̀rọ̀. Bí wọ́n bá ti gbọ́ kásẹ́ẹ̀tì, ohun tó wà nínú rẹ̀ ni wọ́n á máa sọ pé àwọn rí, wọn ò ní mọ̀ pé àwọn ti ń ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹ kọ́kọ́ gba ọ̀rọ̀ wọn, lọ́kọ̀ọ̀kan, nítorí bí mẹ́ta bá jókòó pọ̀, ẹni tó bá lóhùn jù ni àwọn méjì yòókù máa gbè lẹ́yìn. Ọjọ́ kejì ni kí ẹ gbé orin wá.

Ìdí tó fi ṣe pàtàkì ni pé àwo ò lè gba ohun tó ń ṣẹlẹ̀ lóde. Ojú kan àwo ńlá kò fi bẹ́ẹ̀ ju ogún ìṣẹ́jú lọ, C60 sì jẹ́ ọgbọ̀n ìṣẹ́jú lójú kan. Òde ìnáwó lè di òru mọ́jú. Lórí àwo, olórin ti mọ ohun tó fẹ́ sọ kó tó wọlé. Lóde, ẹni tó bá wọlé ló ń yí orin padà. Nítorí náà, ẹ má bi wọ́n pé "Ṣé ó dùn?" Ta ni yóò sọ pé kò dùn? Ẹ bi wọ́n pé ibo ló dúró sí, àwọn ẹlégbè mélòó ló wà lẹ́yìn rẹ̀, apá wo ni onílù wà, ta ló ń sọ orúkọ àlejò sí i létí, báwo ló ṣe ń ṣe bí ẹni tó ń kì bá dìde lọ, kí ló ń wọ̀, kí ló kọ́kọ́ fi ń ṣíde. Ìdáhùn ìbéèrè wọ̀nyí kò sí lórí kásẹ́ẹ̀tì kankan.

Ìgbómìnà Gidi:
Ẹlégbè ti sọ ọ́ tán níbẹ̀. Mo kàn fẹ́ fi kún un pé Àbúúlù-Ráṣíìdì Na'Allah tó kọ̀wé lórí dadakúàdá so gbòǹgbò rẹ̀ mọ́ eré eégún. Ó yẹ kí ẹ bi àwọn bàbá léèrè bóyá wọ́n gbọ́ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ lẹ́nu àwọn olórin fúnra wọn, nítorí ìlú tí wọ́n ń kì pé "Ìlọrin ò léégún, ẹṣin leégún ilé wọn, ọ̀kọ̀ lorò ibẹ̀" ni orin yìí ti gbilẹ̀. Àwa Ìgbómìnà tí eégún wa ṣì ń jáde, ẹ fi wá sílẹ̀ ná.

Nípa kásẹ́ẹ̀tì mẹ́rin tí kò lórúkọ: inú orin ni ọjọ́ orí rẹ̀ wà. Ẹ jókòó ti ìwé àti báírò, ẹ kọ gbogbo orúkọ èèyàn, owó àti ìlú tó bá jáde.

Bó bá dárò Akíntọ́lá, kò lè ṣáájú oṣù kìíní ọdún 1966, nítorí ọjọ́ 15 oṣù náà ni wọ́n pa á nílùú Ìbàdàn. Odòlayé sì kọ orin arò fún un, ẹ máa fetí sí i. Bó bá pe Kwara ní ìpínlẹ̀, kò lè ṣáájú 1967. Ọjọ́ 27 oṣù karùn-ún ọdún náà ni wọ́n dá a sílẹ̀, West Central ni wọ́n sì kọ́kọ́ ń pè é. Náírà dé ní ọjọ́ kìíní ọdún 1973. Bí olórin bá dárúkọ náírà, ó ti kọjá ìgbà yẹn. Ṣùgbọ́n ẹ má yí i padà kí ẹ ní "ó dárúkọ pọ́n-ùn, nítorí náà ó ṣáájú 1973". Pọ́n-ùn kan di náírà méjì, àwọn àgbà sì ń fi pọ́n-ùn kà á lọ fún ọdún gbọọrọ lẹ́yìn rẹ̀. Bó bá ki gómìnà Àdámù Àttà, láàárín 1979 sí 1983 ni gómìnà náà wà lórí oyè.

Ti Ọba Ìlọrin ló máa ń rú èèyàn lójú. Zulkarnaini Gambari wà lórí oyè láti 1959 sí 1992, Aliyu jẹ títí di 1995, Ibrahim Sulu-Gambari ló sì wà níbẹ̀ láti ìgbà náà. Sulu ni wọ́n ń pe Zulkarnaini, Ibrahim ọmọ rẹ̀ sì ń jẹ́ Sulu-Gambari. Bí olórin bá kàn ní "Sulu", ẹ má sáré kọ ọdún sí i. Ẹ dúró de orúkọ mìíràn tó máa tì í lẹ́yìn.

Kí ẹ rántí pé orin lè pẹ́ ju ìṣẹ̀lẹ̀ inú rẹ̀ lọ. "Kò lè ṣáájú" ni ọ̀nà yìí ń sọ fún yín, kò sọ "ọjọ́ náà gan-an".

Ọmọ Ìyẹ̀rú Òkín:
Ti àwo mẹ́ta náà kúrú. Ẹ wo àyè òfìfo tó yí bébà àárín ká, níbi tí ojú ọ̀nà abẹ́rẹ́ ti parí: nọ́ńbà ilé-iṣẹ́ wà níbẹ̀ tí wọ́n fín sára rẹ̀, kódà bí bébà bá ti ya. Bó bá jẹ́ àwo oníke, 33⅓ (iye ìgbà tó ń yí ní ìṣẹ́jú kan), omi tí a sè kán (distilled water) àti ọṣẹ olómi ẹ̀kán kan lẹ máa fi nù ún, ẹ máa yí tẹ̀lé ojú ọ̀nà rẹ̀, ẹ má gé e kọjá. Bó bá jẹ́ 78, tó wúwo tó sì ń fọ́ bí àwo ìjẹun, sípíríìtì kò gbọdọ̀ kàn án rárá. Yóò yọ́. Abẹ́rẹ́ 78 tún fẹ̀ ju ti 33 lọ, ẹ má fi ọ̀kan gbọ́ èkejì. Ẹ tò wọ́n lóròó, kò gbọdọ̀ sí ohun tó wà lé wọn lórí.

Ẹlégbè:
Fún gbígba ọ̀rọ̀ àwọn bàbá: lẹ́yìn ìrun Alásàárì ló dára, kí ẹ parí kí Màgàríbì tó wọlé. Ooru ti rọlẹ̀ díẹ̀ nígbà náà, ẹ sì lè pa fáànù láì pa bàbá. Fóònù wà lórí aṣọ tí a ká, bíi sẹ̀ntímítà 30 sí ẹnu rẹ̀, kì í ṣe lórí tábìlì lásán tí ìró ọwọ́ á máa gbà kọjá. Ẹ pa íntánẹ́ẹ̀tì àti ìpè rẹ̀ kí ẹnì kan má baà pè sí i láàárín. Ohun àkọ́kọ́ tó máa wà lórí ohùn náà ni orúkọ rẹ̀, ilé rẹ̀, ọjọ́ náà, àti pé ó gbà kí ẹ gba ohùn òun sílẹ̀. Bó bá dákẹ́, ẹ jẹ́ kó dákẹ́. Ẹni tó bá kánjú bèèrè òmíràn ló ń dá bàbá lẹ́nu kó tó rántí. Bí wọn kò bá mọ ọdún, ẹ bi wọ́n bóyá wọ́n ti bí àkọ́bí wọn nígbà náà, tàbí bóyá apá òsì ni mọ́tò ṣì ń gbà. Ọjọ́ kejì oṣù kẹrin 1972 la bọ́ sí apá ọ̀tún.

WhatsApp kọ́ ni kí ẹ fi ránṣẹ́ bí ohùn o, yóò fún un mọ́lẹ̀. Bó bá di dandan, ẹ fi ránṣẹ́ bí ìwé, ìyẹn "document".

Ọmọ Ọjà-Ọba:
Àwọn ọmọ wọn tún fẹ́ pe olórin dadakúàdá kan tó wà láyé wá ki àwọn bàbá náà. Kí ló yẹ ká mọ̀?

Ẹlégbè:
Ìwé ni kí ẹ kọ, ẹ má sọ ọ́ lórí fóònù. Fún bàbá kọ̀ọ̀kan: orúkọ rẹ̀, oríkì àbísọ rẹ̀ (Àlàó ni àbí Àkànní, Àjàní ni àbí Àdìgún), orúkọ bàbá rẹ̀ àti ìyá rẹ̀, agbo ilé, àti orílẹ̀ tí wọ́n ti ṣẹ̀. Ibi orílẹ̀ ni wọ́n ti máa ń ṣì í. Ẹni tó ń gbé Ìlọrin lè jẹ́ Olófà, ó lè jẹ́ Oníkòyí, ó lè jẹ́ Fúlàní tàbí Gàm̀bàrí. Bí olórin bá fi Ìyẹ̀rú Òkín tí í ṣe oríkì Olófà ki ọmọ Oníkòyí, àwọn àgbà ò ní wí nǹkan kan lójú agbo, ṣùgbọ́n wọn ò ní gbàgbé láéláé. Onílù náà gbọ́dọ̀ rí ìwé yìí, nítorí òun ló máa kọ́kọ́ pe orúkọ. Ẹ má sì ṣe gbé gbohùngbohùn kan ṣoṣo síwájú olórin; ẹ gbé èkejì sí iwájú ìyáàlù.

Owó ná? Inú àpò ìwé ni kí ẹ fi sí. Òfin báńkì àpapọ̀ ọdún 2007 ka fífọ́n náírà lé èèyàn lórí sí ẹ̀ṣẹ̀: ó kéré tán, ẹ̀wọ̀n oṣù mẹ́fà tàbí owó ìtanràn 50,000 náírà, tàbí méjèèjì. Fídíò yín ló sì máa jẹ́ ẹlẹ́rìí sí yín.

Àtẹ́tísílẹ̀:
Ká tó gbé e sórí YouTube ńkọ́?

Ìgbómìnà Gidi:
Ẹ lọ bá ẹbí olórin. Lábẹ́ òfin ẹ̀tọ́ oníṣẹ́-ọnà ọdún 2022, ẹ̀tọ́ ohùn tí a gbà sílẹ̀ wà fún 50 ọdún lẹ́yìn ọdún tí wọ́n gbé e jáde, ẹ̀tọ́ ọ̀rọ̀ orin fúnra rẹ̀ sì wà fún 70 ọdún lẹ́yìn ikú ẹni tó kọ ọ́. Àwo àtijọ́ lè ti kọjá ti àkọ́kọ́, kó má tíì sún mọ́ ti kejì. Ti ìnáwó tẹ́nikẹ́ni ò gbé jáde rí, ẹ má fi sórí íntánẹ́ẹ̀tì kí ẹ tó gba àṣẹ. Àdàkọ fún ẹbí ni ẹ̀bùn tó dára jù tí ẹ lè gbé lọ síbẹ̀.

Ọmọ Ọjà-Ọba:
A dúpẹ́ o. Ọjọ́ Sátidé la ó lọ bá bàbá àkọ́kọ́, lẹ́yìn Alásàárì. Àwọn ọmọ ilé ti ń gbọ́ kásẹ́ẹ̀tì "ìnáwó" kan lórí rédíò láti àná, ó dùn mọ́ wọn nínú.

Ẹ̀rọ Òkè-Ọyì:
Ṣé ẹ ti ya etí ẹ̀yìn rẹ̀ kúrò?